Fídíò Màmá Amọ̀kòkò ti Ìsàn: bí mo ṣe rí sọ́fítíwíà tó yí wọn padà fún wẹ́ẹ̀bù

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí Àǹtí fi pè mí, mi ò tíì fọ ẹnu gan-an. Wọ́n ní, "Àbúrò, fídíò tó o gbé sórí wẹ́bsáìtì wa yẹn, ohùn Màmá nìkan là ń gbọ́ o, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri." Mo ní Àǹtí, ẹ má bínú, mo ń wò ó lórí fóònù mi báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún nígbà yẹn, torí oníbàárà mẹ́ta ló ti pè mí láti àná, ọ̀kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé rédíò la fẹ́ máa tà ni."

Ó dùn mí o. Torí mo ti gba àsansílẹ̀ owó, mo sì ti ná an.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Baṣírì níbí l'Ádó-Èkìtì, ìgbéyàwó, òkú, ìkómọ, ibi tí wọ́n bá ti dáná ni mo máa ń wà. Àǹtí ní tiwọn, ìkòkò ni wọ́n ń tà. Ìyá wọn ló ń mọ ọ́n ní Ìsàn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ìlú tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ iṣẹ́ amọ̀ tipẹ́tipẹ́, àwa Èkìtì ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Àmù wà níbẹ̀, ìṣaasùn wà níbẹ̀, agbada wà níbẹ̀, títí dórí àwọn ńlá táwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ń rà l'Ékòó tí wọ́n á fi gbin òdòdó. Wàhálà tí Àǹtí ń rí ni pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á látọ̀nà jíjìn ló ń bi wọ́n pé ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n lóòótọ́ àbí ẹ̀rọ. Wọ́n wá ní kí n ya Màmá lẹ́nu iṣẹ́, kí n gbé e sórí wẹ́bsáìtì wọn, lábẹ́ àwòrán ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn èèyàn fojú ara wọn rí ọwọ́ tó mọ ọ́n.

Ọjọ́ méjì ni mo lò n'Ísàn. Fáìlì mọ́kànlá ló jáde níbẹ̀, ibi tó ti dàrú sì nìyẹn, torí kámẹ́rà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Kámẹ́rà tèmi, tòkúnbọ̀ ọjọ́ pẹ́, fáìlì MTS ló ń fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí tó wálé láti Kánádà fi iPhone ẹ̀ ya mélòó kan, MOV nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń bá Àǹtí tajà náà fi Android tiẹ̀ ya díẹ̀, MP4 nìyẹn. Àwọn ti iPhone ló rẹwà jù, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dára, mo ṣáà ní kí n kọ́kọ́ gbé méjì níbẹ̀ sórí wẹ́bsáìtì bó ṣe wà, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi torí iPhone ni èmi náà ń lò. Mo lọ sùn.

Ohun tí mi ò rò ni pé láti 2017 tí iOS 11, ètò tó ń darí iPhone, ti jáde ni ọ̀pọ̀ iPhone ti ń fi HEVC ya fídíò, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ká fídíò pọ̀ ni, àwọn míì ń pè é ní H.265. Ó máa ń jẹ́ kí fáìlì kéré, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bráwúsà ló lè tú u. Chrome gan-an, 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ní ohun tó lè tú u nínú ni o. Fóònù kékeré tí oníbàárà Àǹtí kan ń lò n'Íkẹ́rẹ́ ò ní in. Ó tú ohùn, kò lè tú àwòrán. Ibi tí rédíò ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kẹ́ni tí ò mọ̀ má báa rò pé torí ó jẹ́ MOV ni o. MOV, MP4, MTS, àpò lásán ni gbogbo wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ lè rí àpò ìrẹsì l'ọ́jà Ọba, ẹ tú u, kẹ́ ẹ bá èlùbọ́ nínú ẹ̀? Orúkọ tó wà lára àpò ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kódẹ̀kì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ká fídíò yẹn kó tó wọnú àpò: H.264, HEVC, VP9, AV1, àtàwọn míì. Ẹ lè yí orúkọ fáìlì padà láti .mov sí .mp4 títí ilẹ̀ á fi ṣú, èlùbọ́ ṣì ni.

Ó ti wá di dandan kí n wá sọ́fítíwíà tó máa yí wọn padà. Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Mo tẹ "free video converter" sí orí Google, èyí tó kọ́kọ́ yọjú, tí wọ́n kọ Sponsored sí lórí, òun ni mo dáúnlóòdù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti ṣe é rí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ló ń bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè, èmi ṣáà ń tẹ Next, Next, Next, ìgbà tí mo máa fi ṣí bráwúsà mi ojú ìwé àkọ́kọ́ ti yí padà, nǹkan kan tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó síbẹ̀. Mo gbójú fò ó. Iná ò sí lọ́jọ́ yẹn, mo tan jẹ́ń, mo kó fáìlì MTS mi mẹ́rin sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Ó parí, mo ṣí i, orúkọ sọ́fítíwíà yẹn ló wà gbàgàdà láàárín fídíò, lórí ọwọ́ Màmá gan-an, wọ́n ní kí n san dọ́là kí wọ́n tó bá mi pa á rẹ́. Wọn ò sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ o. Epo ti jó.

Mo ṣì fi hàn Àǹtí, mo ní kí wọ́n fojú fo orúkọ yẹn ná, kí wọ́n wo bí fídíò yẹn ṣe rí. Àǹtí wò ó, wọ́n sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọwọ́ Màmá? Ó dà bíi pé ẹnì kan fi òòyà yà á."

Mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Níbi tí Màmá ti ń yí ṣùkù àgbàdo kiri ara ìkòkò láti fi fín in, ọwọ́ wọn ń yára, etí ọwọ́ yẹn, níbi tó ti pàdé ìkòkò, ti ya sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, gẹ́gẹ́ bí eyín òòyà. Bí ọwọ́ wọn bá dúró, á dọ́gba. Bó bá tún gbéra, á tún ya. Mo ti máa ń rí i nínú fídíò ìgbéyàwó táwọn èèyàn ń jó, mi ò kà á sí, mo rò pé bí kámẹ́rà ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lohun yẹn ti wá. Kámẹ́rà mi yẹn, 1080i ló ń yà, ìyẹn ni pé kì í ya odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń kọ́kọ́ mú ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ títí dé ìsàlẹ̀, kó tó padà wá mú ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ọwọ́ Màmá ti kúrò níbi tó wà. Tẹlifíṣọ̀n onígò mọ bó ṣe máa ń tò ó, ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n, òun máa ń kó gbogbo ẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Sọ́fítíwíà tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó ká fídíò yẹn, wọ́n ń pe ìyẹn ní deinterlace. Èyí tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ò ṣe é, kò sì sọ pé òun ò ṣe é.

Mo yọ ọ́ kúrò. Àtiyọ ọ́ gan-an gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Lẹ́yìn ẹ̀ mo gbìyànjú àwọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tààrà, èyí tí ẹ ò ní dáúnlóòdù ohunkóhun, ẹ kàn máa gbé fáìlì yín síbẹ̀ ni. Àwọn yẹn wúlò tó bá jẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fẹ́ fi sórí status. Ṣùgbọ́n fáìlì tèmi kan ju gígábáìtì kan lọ. Dátà á gbé e lọ, dátà á tún gbé e bọ̀, ìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já ní agbedeméjì. Ó já ní ìdá méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó, mo pe Àǹtí, mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn: àwọn wo ló ń ra ìkòkò yín, fóònù wo ni wọ́n ń lò? Àǹtí ní báwo làwọn ṣe máa mọ̀. Mo ní ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́wàá tó rajà kẹ́yìn. Wọ́n ṣe é, obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń báàyàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n. Nínú àwọn mẹ́wàá yẹn, méje ló ń lo Android, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sì ti lọ́jọ́ lórí, méjì ń lo iPhone, ọ̀kan sì jẹ́ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ń wò ó lórí láàptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì. Gbogbo wọn, àfi ti òtẹ́ẹ̀lì, dátà tí wọ́n fowó ara wọn rà ni wọ́n fi ń wò ó. Ọ̀kan sọ pé òun kì í ṣí fídíò tó bá ju ogún MB lọ láéláé, kódà kó jẹ́ ti ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀ yẹn. Sọ́fítíwíà tí mò ń wá gbọ́dọ̀ lè mú MTS, MOV àti MP4, kó tún eyín òòyà ṣe, kó fún mi ní H.264 àti ohùn AAC (ọ̀nà tí wọ́n fi ń ká ohùn) nínú MP4, kó má kọ orúkọ ẹ̀ sára ọwọ́ Màmá, kó sì jẹ́ kí n pinnu bí fáìlì ṣe máa tóbi tó. H.264 ti pẹ́, 2003 ló jáde, ṣùgbọ́n ìpẹ́ yẹn ló mú kó dára fún wa, torí kò sí fóònù tí mo lè rí l'Ádó tí kò lè tú u. Àwọn tó ń sọ pé ó ti di ti àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n wá bá oníbàárà Àǹtí sọ̀rọ̀.

Mi ò wá tan jẹ́ń wákàtí mẹ́ta mọ́. Mo gé ìṣẹ́jú kan péré láti inú fáìlì MTS, ibi tí ọwọ́ Màmá ti ń yára jù lọ pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo yẹn, torí ibi tó bá le jù ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá sọ́fítíwíà mọ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan yẹn jẹ́ bíi 127 MB. Òun ni mo ń fún gbogbo wọn jẹ.

VLC ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú torí ó ti wà lórí ẹ̀rọ mi. Ó lè yí fídíò padà lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, Convert/Save ló wà nínú Media. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo nílò fara pamọ́ jìnnà, mo gbàgbé láti mú deinterlace níbẹ̀, eyín òòyà tún jáde, mo fi í sílẹ̀ fún ìwòran. Ẹgbẹ́ mi kan n'Íkẹ́rẹ́ fún mi ní Shutter Encoder, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó dára gan-an, FFmpeg, sọ́fítíwíà kan tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú, ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, àmọ́ bọ́tìnì ibẹ̀ pọ̀ jù fún mi, mo mọ ara mi. HandBrake ni mo wá jókòó tì.

Ọ̀fẹ́ ni HandBrake, kì í kọ orúkọ ẹ̀ sára fídíò (watermark), ó ti wà láti 2003. Ẹ lọ gbà á ní handbrake.fr nìkan o, ẹ má gbà á níbòmíràn, torí àwọn ayédèrú wà. Kódà ní May 2017 àwọn olè wọ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń dáúnlóòdù ti Mac, wọ́n fi èyí tó ní kòkòrò nínú rọ́pò ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí i. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà checksum síbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan fáìlì yẹn, ẹni tó bá lè fi wé e kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mú Fast 720p30, ìyẹn àwòrán ìlà 720, ọgbọ̀n àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mo lọ sí Filters, mo rí i pé Decomb ti wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ló ń bá eyín òòyà jà. Mo tẹ Start. Kò pẹ́. Mo ṣí i, mo dá a dúró níbi tí ọwọ́ Màmá ti ń sáré, mo fi ìka fà á gbòòrò: etí ọwọ́ yẹn dọ́gba, ẹ lè rí omi amọ̀ láàárín ìka wọn, ẹ lè rí ojú ṣùkù yẹn bó ṣe ń tẹ ara ìkòkò ní kókó-kókó. Mo pariwo. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé iná ti dé.

Ohun tó kù ni bó ṣe máa tóbi tó. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RF. Bó bá kéré, fídíò á dára, fáìlì á tóbi. Bó bá pọ̀, fáìlì á kéré, àwòrán á bàjẹ́. Ní 20, ìṣẹ́jú kan yẹn jẹ́ 19 MB. Ní 23, ó jẹ́ 12. Ní 28, ó wálẹ̀ sí 6, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo wo ara ìkòkò, ọnà tí Màmá fín sí i ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, bí ìgbà tí òjò rọ̀ sórí ẹ̀ kó tó gbẹ. Ọnà yẹn ni Àǹtí ń tà o. Mo gbé 20 àti 23 sórí fóònù mẹ́ta, mo ní kí Àǹtí, ọmọbìnrin tó ń tajà àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi yan èyí tó dára jù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. 23 la mú. Nọ́ńbà yìí ò ní bá ti yín mu dandan, ibi tí ẹ bá ti yà á ló máa sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí tó wá láti Kánádà dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń lo H.264, AV1 ni ayé ń lò báyìí." Ó fi kọ́máńdì kan ránṣẹ́ sí mi fún FFmpeg, libaom-av1, ohun tó ń ká AV1, ló wà nínú ẹ̀. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká wò ó. Láàptọ́ọ̀pù mi, i5 àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó gun òkè Ọlọ́ṣùnta. Mo lọ jẹ iyán lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mo padà dé, kò tíì dé ìdajì. Ìṣẹ́jú kan péré ni o. Nígbà tó parí, fáìlì yẹn kéré sí ti H.264 lóòótọ́, 7 MB, ó sì dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n fóònù Àǹtí ń gé e ní wóró-wóró, iPhone àtijọ́ ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ò ṣí i rárá. Nínú gbogbo iPhone, 15 Pro ti 2023 ló kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ tó ń tú AV1 nínú. Mo dá a lóhùn pé ọjọ́ tí gbogbo Ìkọ̀lé bá ti ń lo iPhone 15 Pro, a ó tún padà jíròrò ẹ̀. Inú ẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni.

Kọ́máńdì tó fi ránṣẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kí n mọ FFmpeg, mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Kò lójú, kò ní bọ́tìnì, ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ sí i ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn sọ́fítíwíà táwọn èèyàn ń sanwó lé lórí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ó lè gbé fídíò láti inú àpò kan sínú àpò míì láì tún un ká, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló máa gbà. Ni mo bá dọ́gbọ́n. Mo ní, ṣebí MTS mi yìí, H.264 ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí mo ń jó epo, ẹ jẹ́ n kàn pààrọ̀ àpò. Mo ṣe é, -c copy, gbogbo ẹ̀ parí kí n tó yí orí. Ó ṣiṣẹ́ lórí VLC. Mo gbé e sórí wẹ́bsáìtì. Àǹtí pè.

"Àbúrò, a ti wá rí Màmá báyìí o. Ṣùgbọ́n a ò gbóhùn wọn mọ́."

Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ohùn inú MTS yẹn, AC-3 ni, ọ̀nà ìká ohùn míì, Chrome kì í tú u. Eyín òòyà sì ṣì wà níbẹ̀, torí àpò nìkan ni mo pààrọ̀, mi ò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá fún àwọn ti kámẹ́rà mi, HandBrake ni, kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti Android ọmọbìnrin yẹn ní wàhálà kékeré kan: bí fídíò ṣe ń lọ ni ẹnu Màmá àti ohùn wọn ń yà fún ara wọn. Fóònù máa ń yí iye àwòrán tó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá padà bó bá ṣe rí ìmọ́lẹ̀. Mo yan Constant Framerate, 30, ó tán.

Ìgbà tí gbogbo wọn ti parí ni mo tún rí i pé lórí wẹ́bsáìtì, àwọn kan máa ń yí biribiri fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni wọ́n tóbi o. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Web Optimized sí nínú HandBrake, mo máa ń rántí mú un nígbà míì, mo máa ń gbàgbé ẹ̀ nígbà míì. Ohun tó ń ṣe ni pé inú MP4 ní ibi kan tí wọ́n kọ ètò gbogbo fídíò yẹn sí, ibi tí àwòrán wà, ibi tí ohùn wà, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sí torí ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n tán. Bráwúsà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibẹ̀ rí. Tí sáfà, ẹ̀rọ tí wẹ́bsáìtì wà lórí ẹ̀, ò bá jẹ́ kó fò lọ sẹ́yìn, gbogbo fáìlì ló máa wọlé kó tó rí i, dátà oníbàárà ló ń jó yẹn. Web Optimized á gbé e wá síwájú. Àwọn tí mo ti gbàgbé, mi ò tún wọn ká, FFmpeg ló bá mi ṣe é, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

ffmpeg -i ikoko.mp4 -c copy -movflags +faststart ikoko2.mp4

Ẹ fi í pamọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Fídíò tó gùn jù, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, láti ìgbà tí Màmá ti ń gún amọ̀ dé ìgbà tí ìkòkò dúró, ní 720p àti RF 23, ó ṣì ju ọgọ́rùn-ún MB lọ. Ẹni tó ní òun ò ní ṣí ogún MB, ṣé òun ni yóò ṣí ìyẹn? Mo bá Àǹtí sọ ọ́, a gbé èyí tó gùn sórí YouTube, a wá gé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ojú ìwé ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ti YouTube yẹn, mi ò fún un pọ̀, torí YouTube á tún un ká fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ba nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ tó fún un, bíbàjẹ́ lórí bíbàjẹ́ ni. Wọ́n dábàá bíi 8 Mbps (mẹ́gábíìtì mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) fún 1080p níbẹ̀, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 480 MB fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo fi dátà òru gbé e lọ, mo sùn tì í. Àwọn kékeré tí wọ́n wà lórí wẹ́bsáìtì, mo ṣe wọ́n ní 480p, kò sí èyí tó ju 10 MB lọ, mo sì ní kí ọmọ tó kọ wẹ́bsáìtì yẹn fi preload="none" sí i pẹ̀lú àwòrán Màmá gẹ́gẹ́ bíi poster, kí dátà ẹnikẹ́ni má lọ títí ó fi fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. HandBrake ní Queue, ẹ lè kó mọ́kànlá sí i kẹ́ ẹ lọ sùn, ṣùgbọ́n tí láàptọ́ọ̀pù bá kú láàárín fáìlì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì yẹn ló máa tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo to àwọn kékeré síwájú, mo fi èyí tó gùn kẹ́yìn. Ó gbà mí lọ́wọ́ ìbínú lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo kó iṣẹ́ dé, Àǹtí bi mí pé èló ni mo ra sọ́fítíwíà yẹn. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́? Kí lo wá ń gbowó lé lórí?" Mo ní Àǹtí, ṣebí amọ̀ tí Màmá fi ń mọ ìkòkò, ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n san èyí tó kù.

Iṣẹ́ ò tíì parí tán o. Fídíò kan ló kù, èyí tí wọ́n ti ń sun ìkòkò nírọ̀lẹ́. Iná àti èéfín, kò sí ohun tó ń da ìkíká fídíò láàmú tó bẹ́ẹ̀, torí kò sí ibi kankan lójú àwòrán yẹn tó dúró jẹ́ẹ́. Ní RF 23, èéfín yẹn di búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù, bí ẹni tó fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n. Mo gbé e wá sí 20, ó mọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ti di 31 MB. Mo ní ká gé e sí ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àfi kí wọ́n rí ibi tí Màmá ti fi igi fa ìkòkò jáde nínú iná níparí, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń pariwo. Ó wà nínú fódà mi títí di òní, mo pè é ní "ina_Mama_20_ma_i_pa_o_re".